Fífi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ jí àpótí géèmù dìde

Ọ̀nà méjì ni àpótí géèmù onígi, èyí tí èèyàn ń dúró níwájú rẹ̀ gbá, máa ń gbà dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́. Ó lè jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti Èkó wá, tí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, pátákó ẹ̀rọ tó ń gbé géèmù, ti kú. Ó sì lè jẹ́ pé káfíńtà ló kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀, tí inú rẹ̀ ṣófo. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń retí: kí kọ̀ǹpútà kékeré gba ipò bọ́ọ̀dù, kí sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní emulator sì máa ṣe gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀dù náà ti ń ṣe.

Ọmọ tó bá wọ ilé géèmù ní Tákíè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán kò gbọdọ̀ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà nínú àpótí yẹn. Iná dé, géèmù yọ. Iná lọ, nǹkan kan ò bàjẹ́. Ohun tí a ó fi wọn gbogbo ohun tí a bá yàn nìyẹn, látorí kọ̀ǹpútà títí dé orí bọ́tìnì kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó ki í bọ iná

Iná 120 fóòtì ni àpótí tó wá láti Amẹ́ríkà ń jẹ. Ti Jàpáánì ń jẹ 100. Iná tiwa níbí jẹ́ 230 sí 240. Ẹ má ṣe ki í bọ ògiri títí ẹ ó fi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Páwà sọ́pláì inú rẹ̀, páànù irin pẹlẹbẹ tó ní ìlà skúrù fún wáyà, sábà máa ń ní súwíìṣì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ẹ tì í sí 230. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀: mọ́nítọ̀ onídìí ńlá tí wọ́n ń pè ní CRT kì í gba iná lára páwà sọ́pláì yìí. Ó ní tíránsífọ́mà tirẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí, ìyẹn ò sì mọ̀ pé ẹ ti yí súwíìṣì kankan. Bí tíránsífọ́mà náà kò bá ní ẹnu 230, ẹ ra èyí tó ń dín iná kù sí 110 fún mọ́nítọ̀ náà, kí ẹ sì rí i pé agbára rẹ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àpótí lọ. Ẹni tó bá fojú fo èyí, fíúsì ló máa kọ́kọ́ jó. Bí ẹnì kan bá ti fi wáyà dípò fíúsì rí, bọ́ọ̀dù mọ́nítọ̀ ló máa jó.

CRT tún ní ewu mìíràn. Iná tó wà lára ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀, lábẹ́ fìlà rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ọn, lè ju 20,000 fóòtì lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ṣe yọ ọ́ fún yín.

Ní tiwa, LCD, mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ, la fara mọ́. Ẹ wá mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ínṣì 19 tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin dọ́gba, 1280 lọ́nà 1024. Àwọn ọ́fíìsì ń tà á dànù nítorí pé kì í ṣe ojú fífẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú fífẹ̀ gan-an ni kò bá àpótí yìí mu, torí pé géèmù ìgbà náà jẹ́ 4:3. Tí ẹ bá takú pé CRT lẹ fẹ́, ẹ mọ̀ pé àmì 15 kHz ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà, kọ̀ǹpútà lásán sì ń fún wọn ní 31. Àwòrán á já sí wẹ́wẹ́, mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Sọ́fítíwíà GroovyMAME pẹ̀lú CRT Emudriver lórí káàdì àwòrán Radeon àtijọ́ ló ń yanjú ìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni.

Kọ̀ǹpútà wo la fẹ́ fi sínú rẹ̀?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Raspberry Pi 4 kéré, kì í pariwo, ó sì tó fún géèmù ọdún 1980 sí nǹkan bí 1995. Àmọ́ ó fẹ́ 5 fóòtì pẹ̀lú ámpù 3 tó dúró gbọin. Ṣájà fóònù kì í lè gbé e: bí iná bá ti já wálẹ̀ ju 4.63 fóòtì lọ, àmì mànàmáná kékeré á yọ lókè ojú ẹ̀rọ, Pi á fà sẹ́yìn, géèmù á máa wọ́. Láfikún, orí káàdì ìrántí kékeré ló ń gbé sọ́fítíwíà rẹ̀, káàdì yẹn ò sì fẹ́ràn kí iná máa já lójijì. Ní ìlú tí iná ti ń lọ ní ìgbà tó bá wù ú, ìyẹn ti tó láti jẹ́ kí a wo ibòmíràn.

Ibòmíràn náà ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré, irú Dell OptiPlex tàbí HP tẹ́ẹ́rẹ́, Core i5 ìran kẹta tàbí ìkẹrin, RAM 4 GB ó kéré tán, pẹ̀lú SSD 120 GB, disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú, dípò hard disk. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Under G lẹ́gbẹ̀ẹ́ LAUTECH lè bá yín wá irú rẹ̀. Bí kò bá sí, Computer Village ní Ìkejà wà níbẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára náà wúlò gan-an. Bátìrì yẹn ni yóò gbé e nígbà tí ẹ bá ń ti orí iná NẸ́PÀ bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù kì í tan fúnra wọn nígbà tí iná bá padà, nítorí náà ẹ ní láti fa bọ́tìnì ìtanná rẹ̀ jáde síta.

Gbígbé Batocera sórí SSD

Batocera ni a máa lò. Ọ̀fẹ́ ni, orí Linux ló dúró sí, ó kó MAME, FinalBurn Neo àti àwọn emulator mìíràn pọ̀ sójú kan, ẹ kò sì nílò Windows rárá. Ohun tó tún mú wa yàn án ni pé ibi tí sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ wà kò ṣeé kọ nǹkan sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Iná lè já, ìpìlẹ̀ rẹ̀ á ṣì wà bó ṣe wà. Ibi tí géèmù àti ètò yín wà nìkan ló lè fara gbọgbẹ́.

Ẹ lọ sí batocera.org, ẹ dáńlóòdù èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà PC. Fáìlì náà á parí pẹ̀lú .img.gz, ó sì tóbi ju 1 GB lọ dáadáa, nítorí náà ẹ wo dátà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tú u. Ẹ fi balenaEtcher kọ ọ́ tààrà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi dátà ṣòfò nìyí: wọ́n á kọ ọ́ sórí fláàṣì, wọ́n á fi fláàṣì tan kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá lọ sínú mẹ́nù láti gbé e sórí disk tuntun. Mẹ́nù yẹn á tún dáńlóòdù gbogbo rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi wáyà SATA sí USB so SSD mọ́ kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ kọ fáìlì náà sórí SSD ní tààrà. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn nínú Etcher, ẹ tún wo orúkọ àti ìtóbi disk tí ẹ yàn. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀ á lọ pátá.

Ẹ ki SSD bọ inú kọ̀ǹpútà àpótí, ẹ wọ BIOS, ojú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, nígbà tó bá ń tan: F2 ni lórí Dell, F10 lórí HP. Nǹkan méjì lẹ ó ṣe níbẹ̀. Ẹ pa Secure Boot, nítorí pé Batocera lè kọ̀ láti tan bí ó bá wà lórí. Lẹ́yìn náà ẹ wá ètò tó sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe nígbà tí iná bá padà. Dell ń pè é ní AC Recovery, HP ń pè é ní After Power Loss. Ẹ fi sí Power On. Ètò kékeré yìí ló ń mú kí àpótí jí fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná wá, láìsí pé ẹnì kan ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tó bá tan, Batocera á fẹ àyè ìpamọ́ rẹ̀ títí yóò fi kún SSD. Ẹ jẹ́ kó parí. Ẹ ṣe é nígbà tí iná dúró, tàbí kí ẹ fi UPS sí i.

ROM: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dá iṣẹ́ dúró

ROM ni ẹ̀dà ohun tó wà nínú àwọn chip bọ́ọ̀dù géèmù náà. MAME, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, kì í gbé ROM kankan wá. Lórí mamedev.org, àwọn díẹ̀ wà tí àwọn oníǹkan fún ní àyè pé kí èèyàn gbà lọ́fẹ̀ẹ́, Robby Roto wà lára wọn. Òun ni kí ẹ fi dán àpótí wò, nítorí pé ẹ mọ̀ dájú pé fáìlì náà pé. Bí Robby Roto bá ṣiṣẹ́ tí òmíràn kò ṣiṣẹ́, ROM ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ẹ má tú fáìlì zip. Ẹ má sì yí orúkọ rẹ̀ padà: robby.zip ni MAME mọ̀, kò mọ "Robby Roto tuntun.zip". Orúkọ yẹn ni ó fi ń wá a nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ló tún ń da èèyàn láàmú jù. Àwọn tó ń ṣe MAME máa ń ṣàtúnṣe sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n bá ti rí chip tí wọ́n kà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fáìlì tó pé fún ẹ̀dà kan lè má pé fún ẹ̀dà mìíràn. MAME 2003, tó fúyẹ́ fún Pi, ROM ti 0.78 ló ń retí. MAME 2010 ń retí ti 0.139. FinalBurn Neo ń tẹ̀lé èyí tó jáde kẹ́yìn. Bí ẹ bá yan géèmù, tí ojú ẹ̀rọ ṣú díẹ̀, tó sì dá yín padà sí àkójọ láìsọ nǹkan kan, ẹ̀dà tí kò bára mu ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má kàn máa gbé fáìlì kan náà láti fọ́dà dé fọ́dà. Ẹ gbé MAME sórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ àṣẹ mame -verifyroms robby. Bí ó bá ní "romset robby is good", ó pé. Bí ó bá ní "bad", á dárúkọ chip tó sọnù fún yín.

Ó tún ku ọ̀nà tí wọ́n gbà dì wọ́n. Géèmù kan lè ní ẹ̀dà Amẹ́ríkà, ti Jàpáánì àti ti Yúróòpù. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní split, ẹ̀dà ọmọ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí fáìlì òbí rẹ̀ nínú fọ́dà kan náà. Nínú non-merged, ìkọ̀ọ̀kan dá dúró. Fún àpótí tí kò ní ju géèmù ogún lọ, non-merged ni kí ẹ lò, kí orí yín lè sinmi. Géèmù Neo Geo gbogbo nílò neogeo.zip pẹ̀lú wọn. Àwọn tí bọ́ọ̀dù wọn ní hard disk, bíi Killer Instinct, ní fáìlì CHD, ẹ̀dà hard disk náà, tó gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́dà tó ń jẹ́ orúkọ zip náà: kinst/kinst.chd.

Láti kó wọn wọlé, ẹ ki fláàṣì bọ àpótí, ẹ so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, ẹ tẹ F1: ibi tí fáìlì wà á ṣí. Ti MAME lọ sí roms/mame, ti FinalBurn Neo lọ sí roms/fbneo. Lẹ́yìn náà, nínú mẹ́nù, ẹ yan UPDATE GAMELISTS, kí wọ́n lè yọ sójú.

Ọ̀rọ̀ òfin kan wà fún ẹni tó fẹ́ máa gbowó. Géèmù ní olówó rẹ̀, Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà sì dáàbò bò ó bó ti ń dáàbò bo orin. ROM ọ̀fẹ́ tí mamedev.org fi síta, fún ìlò tí kì í ṣe òwò ni. FinalBurn Neo fúnra rẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi òun ṣòwò. MAME ti ìsinsìnyí gbà, láti 2016 tó ti bọ́ sábẹ́ àṣẹ GPL. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ máa gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, MAME ti ìsinsìnyí ni kí ẹ lò, kí géèmù inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ oníǹkan.

Wáyà àti bọ́tìnì

Fún ẹni méjì: jọ́ísítíìkì 2, bọ́tìnì 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Start 2, Coin 2 (tó dípò kíki kọ́ìnì bọ̀ ọ́). Ó di bọ́tìnì 16. Ẹ fi ọ̀kan kún un tí ẹ máa fi pamọ́, a ó dé orí rẹ̀. Ẹ ra encoder USB 2, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ títẹ bọ́tìnì di àmì USB fún kọ̀ǹpútà, irú tí wọ́n ń pè ní zero delay, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Bọ́tìnì tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà sábà máa ń fẹ́ ihò 30 mm, ti Start 24 mm. Káfíńtà ní láti mọ̀ kí ó tó lu pátákó. Ohun tó sì máa ń gbàgbé ni sísanra igi: bọ́tìnì tí a kàn ń tẹ̀ wọlé, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kò lè di plywood 18 mm mú. Fún igi, ẹ béèrè èyí tó ní nọ́ọ̀tì tí a ń yí láti ìsàlẹ̀.

Bí súwíìṣì bọ́tìnì bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, COM àti NO lẹ ó so wáyà mọ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ NC, kọ̀ǹpútà á gbà pé wọ́n ń tẹ bọ́tìnì náà láti àárọ̀ dalẹ́, mẹ́nù á sì máa sáré fúnra rẹ̀. Ní ti jọ́ísítíìkì, súwíìṣì tó wà nísàlẹ̀ ni ti òkè, ti ọwọ́ òsì sì ni ti ọ̀tún, nítorí pé bí ẹ bá ti orí ọ̀pá síwájú, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ máa ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ nítorí èyí, nígbà tó jẹ́ pé wáyà méjì-méjì ni wọ́n kàn fẹ́ pàrọ̀.

Bí àpótí náà bá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ní wáyà JAMMA, ẹnu pẹlẹbẹ tó ní àyè 56, 28 lókè, 28 nísàlẹ̀, ẹ má gé e. Bọ́ọ̀dù kékeré J-PAC ti Ultimarc á wọ inú rẹ̀, á sì sọ bọ́tìnì gbogbo di USB. Tí owó rẹ̀ bá wọ́n jù, ẹ fi mítà tọpasẹ̀ wáyà láti ìdí bọ́tìnì. Lójú ìhà tí ẹnì kìíní wà, 1 àti 2 ni ilẹ̀, 3 àti 4 ni 5 fóòtì, 6 ni 12 fóòtì. 16 ni Coin, 17 ni Start, 18 sí 21 ni òkè, ìsàlẹ̀, òsì àti ọ̀tún, 22 sí 24 sì ni bọ́tìnì mẹ́ta àkọ́kọ́. Encoder kò nílò 12 fóòtì rárá. Bí ó bá fara kàn án, encoder á jóná, ojú USB kọ̀ǹpútà sì lè bá a lọ.

Nínú mẹ́nù ètò controller, ẹ yan CONTROLLER MAPPING, kí ẹ tẹ bọ́tìnì bí ó ti ń béèrè wọn. Èyí tí àpótí yín kò bá ní, ẹ di bọ́tìnì kankan mú, á fò ó. Nígbà tó bá béèrè Hotkey, ẹ má fún un ní Coin. Hotkey pẹ̀lú Start ló ń ti géèmù pa, ọmọ tó sì ń fi ìkánjú tẹ Coin àti Start pọ̀ á máa lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú géèmù. Bọ́tìnì ìpamọ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣe Hotkey, lábẹ́ pátákó tàbí lẹ́yìn àpótí, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé nìkan lè dé. Coin náà lè wà níbẹ̀: ta ló tún ń gbé kọ́ìnì kiri ní Nàìjíríà? Wọ́n sanwó, ẹ tẹ ẹ.

Ìṣòro encoder méjì tó jọra ni pé wọ́n lè pààrọ̀ ipò lẹ́yìn títanná, kí ẹni kejì di ẹni kìíní. Ẹ máa ki ìkọ̀ọ̀kan bọ ojú USB kan náà nígbà gbogbo, kí ẹ sì fi táípù kọ 1 àti 2 sí i.

Bí eré ṣe ń lọ

Géèmù kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tó ń yí àwòrán rẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Street Fighter II sún mọ́ 60, LCD yín náà 60, wọ́n bára mu. Mortal Kombat jẹ́ nǹkan bí 54.7, R-Type jẹ́ 55. Lórí LCD lásán, ìwọ̀nyí á máa fò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àwòrán bá ń rìn lọ. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà rọ, ẹ má sì lọ ra èyí tó tóbi jù nítorí rẹ̀. Bí géèmù bá wọ́ tí ohùn náà sì ń gé, ìgbà yẹn ni agbára kò tó.

Pac-Man àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú tó dúró gbọọrọ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ṣiṣẹ́ lórí ojú tó dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á kéré. Wọ́n tún fẹ́ jọ́ísítíìkì ọ̀nà mẹ́rin; lórí ti ọ̀nà mẹ́jọ, igun ọ̀nà á máa ṣì wọ́n lọ́wọ́. Bí jọ́ísítíìkì yín bá ní pátákó ìdènà onígun mẹ́rin nísàlẹ̀, ẹ yí i ní ìdajì igun, á di ọ̀nà mẹ́rin.

Iná, eruku àti ọwọ́ àwọn ọmọ

UPS 650 VA tó fún mọ́nítọ̀ àti kọ̀ǹpútà títí ẹnì kan yóò fi fa jẹnẹrétọ̀. Ẹ má gbé ampílífáyà lé e. Láti pa àpótí bó ti yẹ, ẹ fa wáyà méjì láti ibi tí wọ́n kọ PWR sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù jáde sí bọ́tìnì kan lẹ́yìn àpótí, irú èyí tó ń padà síta fúnra rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Batocera á palẹ̀ mọ́ kó tó kú. Bí ẹ bá dì í mú títí, ẹ ti pa á lójijì nìyẹn.

Ẹ lu ihò sísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ fi fáànù 12 cm sókè láti fa ooru jáde. Nígbà ọyẹ́, eruku á dí i. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ihò ìsàlẹ̀, tí ẹ ń fọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ti tó.

Nínú mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan UI mode, ẹ yí i sí Kiosk, kí ẹnikẹ́ni má lè dé inú ètò. Láti ṣí i padà: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Àwọn ọmọ kan á mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, ẹ yọ SSD, kí ẹ dà á kọ odindi sórí SSD mìíràn tí ìtóbi rẹ̀ kò kéré sí i, ẹ lẹ orúkọ àpótí mọ́ ọn, ẹ fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú, skúrù mẹ́rin ni, pẹ̀lú wáyà méjì.